Ike àti Páálí ní Etí Odò Beaverkill

Ògiri kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìpẹja ní Roscoe, ìpínlẹ̀ New York, tó jẹ́ pé okùn nìkan ni wọ́n tò sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Páálí pẹlẹbẹ ni wọ́n fi dì wọ́n, wọ́n sì dá ojú kékeré sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan kí èèyàn lè rí àwọ̀ okùn inú rẹ̀: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìyeyè. Owó òmíràn lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni nǹkan tí wọ́n ká okùn náà mọ́, ìyẹn rílì, irú èyí tí àwọn télọ̀ ń ká òwú mọ́, àfi pé èyí fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ike ni wọ́n ti ń fi ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí, àwọn kan ti ń fi páálí ṣe tiwọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn apẹja.

Ẹni tó bá wakọ̀ kúrò nílùú New York, tó sì gba Route 17, ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀, yóò dé Roscoe láàárín àwọn òkè Catskill. Níbẹ̀ ni odò Willowemoc ti ń dà sínú Beaverkill, ní ibú tí wọ́n ń pè ní Junction Pool. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kàn láàárín àwọn tó ń fi eṣinṣin àtọwọ́dá pẹja. Theodore Gordon, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá ìwọ̀ eṣinṣin tó ń léfòó ní Amẹ́ríkà, agbègbè òkè yìí ló gbé títí ó fi kú ní 1915.

Fún ẹni tí kò mọ irú ìpẹja yìí: ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹran ni wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò. Ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ débi pé kò ṣe é jù. Okùn ló ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí okùn náà fi nípọn, tí wọ́n sì fi ike rírọ̀ bo fọ́nrán inú rẹ̀. Ó máa ń gùn tó mítà 27 sí 30. Mítà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n láti mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ti nọ́ńbà 5, tó wọ́pọ̀ fún ẹja tiráòtù, wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 9. Kò sì dọ́gba látòkèdélẹ̀. Ó tínrín níhìn-ín, ó sanra lọ́hùn-ún, ìṣirò sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, olùtajà kò lè ra rílì ńlá kan kó máa gé e fún oníbàárà bí wọ́n ti ń gé okùn náílọ́nù lásán. Okùn kan, rílì kan ni. Ibẹ̀ gan-an ni rílì ti ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo bá oníbàárà kan nídùúró. Ó ti mú okùn nọ́ńbà 5 kan tó wà lórí rílì ike, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun ká a sínú ẹ̀rọ ìkákùn òun kí òun tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà tú páálí, ó fa rílì jáde. Awẹ́ ike dúdú méjì ni, tí wọ́n kì bọ ara wọn láàárín. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rá bò ni wọ́n fi de okùn náà káàkiri. Lẹ́bàá orí okùn, sítíkà kékeré kan sọ pé apá yìí ni kó kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá kà á, tó ká a láti apá kejì, á tún un ká láti ìbẹ̀rẹ̀, torí apá tó yẹ kó máa ju ìwọ̀ ni yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ó fi ihò àárín rílì kọ́ ọ̀pá irin kan lórí káńtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn. Rílì ike náà ń yí geere, kò yẹ̀ rárá. Bó ṣe yẹ kí okùn jáde nìyẹn. Bí èèyàn bá fà á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kí rílì yí, ìká kọ̀ọ̀kan á fi ìlọ́ kan kún un, tó bá sì dé odò, á máa ta kókó. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, iṣẹ́ ti parí. Oníbàárà sanwó, ó jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ju rílì òfìfo sínú páálí ńlá kan lábẹ́ káńtà. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó kún dẹ́nu. Gbogbo wọn ṣì le koko, kò sí èyí tó sán. Láti ilé iṣẹ́ dé orí káńtà, iṣẹ́ wọn ti tán.

Mo ní kó fi ti páálí hàn mí. Páálí líle méjì tí wọ́n gé róbótó ni, òmíràn tó wà láàárín ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n la etí rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ki orí okùn há. Bébà ni wọ́n fi de okùn dípò wáyà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, inú mi sì dùn sí i pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí yóò ṣẹ́ kù nílẹ̀. Àmọ́ nígbà tó gbé e kọ́ irin, ó ń mì. Ihò àárín rẹ̀ kò mú irin dáadáa, ẹnu ihò náà sì ti ń ya díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò di etí rílì mú kó má baà fò, ó sì ká a tán láìséwu, àfi pé ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo ti páálí ló rí báyìí, pé àwọn kan ní ihò tó le dáadáa. Èyí tó ń bí i nínú ni àwọn tí wọ́n fi ọ̀rá bo ojú páálí kó lè máa dán, torí irú rẹ̀ kò ṣe é dà mọ́ bébà mìíràn fún àtúnlò.

Ibi tí rílì ike ń lọ ló ká mi lára jù. Ó kéré, ó pẹlẹbẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dúdú. Níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìdọ̀tí, ìtànṣán tí ojú kò lè rí ni ẹ̀rọ fi ń mọ irú ike kan yàtọ̀ sí èkejì. Ike dúdú máa ń gbé ìtànṣán náà mì, ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ New York ti fòfin de báàgì ọ̀rá láti 2020. Wọ́n sì ti fòfin de títa àwọn òjé kékeré tí apẹja ń so mọ́ okùn láti 2004, nítorí àwọn ẹyẹ odò tó ń gbé e mì. Kò sí èyí tó kan rílì nínú òfin méjèèjì.

Ní Junction Pool, bàbá kan ń tú ọ̀pá ìpẹja wọn palẹ̀ létí omi. Mo kí wọn, mo sì béèrè ohun tí wọ́n rí sí rílì páálí. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn délé.

Nínú yàrá abẹ́ ilé wọn, rílì ike ló tò lórí pẹpẹ. Inú páálí abẹ́ káńtà yẹn ni wọ́n ti ṣà wọ́n, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti fi máákà kọ nọ́ńbà okùn, irú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n rà á sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí okùn tí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣòro kí èèyàn tó fi ojú lásán dá a mọ̀. Tí òtútù bá dé, wọ́n á fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ nu okùn, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì ká a kúrò nínú ẹ̀rọ sórí rílì láìfà á le. Okùn tó bá pẹ́ nínú ẹ̀rọ tí àárín rẹ̀ kéré, ìká náà á mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá jù ú, á máa wé lójú omi, tí ẹja bá sì jẹ ìwọ̀, apẹja kò ní tètè mọ̀. Wọn kì í fi okùn sínú ọkọ̀ nígbà oòrùn, wọn kì í sì jẹ́ kí oògùn ẹ̀fọn kàn án, nítorí oògùn náà ń jẹ ara ike.

Wọ́n wá mú rílì páálí kan jáde. Ojú ibi tí okùn ti fara kàn án ti yọ àmì dúdú wínníwínní: ó ti bu. Okùn tí kò gbẹ tán ni wọ́n ká sí i, páálí fa omi náà mu, kò sì tú u sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Etí rẹ̀ kan ti rọ̀, ó ti tẹ̀ wọnú. Okùn kò bàjẹ́, ó kan gba kí wọ́n tún un fọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ férémù onígi kan kalẹ̀ látòkè àjà, alápá mẹ́rin, tó ń yí lórí òpó. Ti bàbá wọn ni. Kí ike tó dé, sílíìkì ni wọ́n fi ń hun okùn yìí. Wọ́n ní láti fi ọ̀rá pa á lára kó tó lè léfòó, tí wọ́n bá sì tódò dé, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ sórí irú férémù yìí kó lè gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jẹrà. Ní àwọn ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ Cortland Line, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Cortland ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà ní 1915, àti Scientific Anglers ní Michigan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike bo okùn. Férémù onígi kò níṣẹ́ mọ́.

Bí mo ṣe ń yí i wò ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Rílì tí a fi ń ta okùn àti èyí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Láti ilé iṣẹ́ dé orí káńtà, okùn gbígbẹ ni, wọn kò sì ní ká a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Páálí tó iṣẹ́ yẹn ṣe, bí àwọn tó ń ṣe é bá lè mú ihò rẹ̀ le, kí wọ́n sì yé fi ọ̀rá bò ó. Ìtọ́jú ló nílò ike, ike tó fẹ̀ láàárín, tí èèyàn yóò lò títí. Ẹni tó ní okùn mẹ́ta kò nílò ju rílì mẹ́ta lọ, àwọn tó sì wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò tó o.

Bàbá náà bi mí pé kí wá ni èrè páálí, nígbà tó jẹ́ pé okùn fúnra rẹ̀, ike ni. Ìbéèrè gidi ni. Mo dáhùn pé okùn tí wọ́n bá tọ́jú bí wọ́n ti ń tọ́jú tiwọn yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, rílì tí wọ́n fi tà á kò sì ṣe ju iṣẹ́ ìrìn-àjò kan ṣoṣo lọ. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi garawa kan hàn mí tó kún fún okùn tó ti gbó. Àwọn tó ń gba okùn náílọ́nù fún àtúnlò kì í sáábà gba irú èyí, torí ara rẹ̀ àti fọ́nrán inú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà, kò sì rọrùn láti yà wọ́n. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti gé láti fi so tòmátò mọ́ igi lẹ́yìn ilé. Èyí tó kù, wọ́n ní àwọn ń retí ilé iṣẹ́ tí yóò wá sọ pé òun fẹ́ ẹ.