Ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ lọkùnrin yìí ń lọ yà ní fọ́tò lọ́dọọdún, àṣé ẹwà ló rí níbẹ̀!

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí fọ́tò náà, á pòṣé ni. Ilé kékeré kan ni, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀dà ara ẹ̀ ti ṣí, koríko ti gba iwájú ẹ̀. Gíláàsì fèrèsé ẹ̀ kan ti fọ́, ẹnì kan wá mú pátákó àwọn tó máa ń wo àtẹ́lẹwọ́ fún èèyàn, ó fi dí ojú ihò náà. Wọn ò tiẹ̀ gbé pátákó ọ̀hún dáadáa, orí ẹ̀ ni wọ́n dà kodò, ọwọ́ ńlá tí wọ́n yà sára ẹ̀ wá ń nàka sísàlẹ̀, bíi pé ó ń sọ fún ilé náà pé ilẹ̀ lo ń lọ. Kò séèyàn kankan nínú fọ́tò. Kò sí mọ́tò, kò sí ajá. Ilé nìkan ni.

Bí wọ́n bá wá sọ fẹ́ni náà pé irú fọ́tò yìí wà nínú mùsíọ́mù l'Amẹ́ríkà, pé àwọn èèyàn máa ń dúró síwájú ẹ̀ tí wọn ò sì ní í tètè kúrò, ó ṣeé ṣe kó ní orí àwọn òyìnbó ti dàrú. Kí ló rẹwà lára ilé tónílé gan-an ti pa tì? Kì í ṣe ìbéèrè ẹ̀fẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n bínú gidi nítorí ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ níwájú.

William Christenberry lorúkọ ẹni tó ya fọ́tò ọ̀hún. Ìlú Tuscaloosa, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1936. Hale County, níbi tí ilé yẹn wà, kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ làwọn òbí àgbà ẹ̀ ti ń dáko. Ṣọ́ọ̀bù mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan ni ilé náà jẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé àwọn tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ háyà ẹ̀. Ayàwòrán ni Christenberry, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló kọ́ níléèwé, kò ka ara ẹ̀ kún fọtógíráfà rárá. Kámẹ́rà Brownie kékeré kan báyìí, irú èyí tí wọ́n ń rà fọ́mọdé, tí wọ́n fún un ní Kérésì nígbà tó wà ní kékeré, ló ń gbé kiri kó lè máa fi rántí àwọ̀ ilé tó bá fẹ́ẹ́ kùn. Bó bá yà á tán, á gbé fíìmù lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn, níbi tí gbogbo aráàlú ti ń fọ fọ́tò ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Fọ́tò pélébé-pélébé ni wọ́n máa ń fọ̀ fún un.

Nígbà tó di ọdún 1968, iṣẹ́ tíṣà gbé e lọ sí Washington, ó sì di ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdọọdún, bí àwọn tiwa ṣe máa ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, ni Christenberry ń wa mọ́tò lọ sí Hale County. Bó bá débẹ̀, kò ní í wá ilé tuntun tó dára. Ilé tó yà léṣìí lá tún lọ dúró síwájú ẹ̀. Ilé pupa kan wà nínú igbó, ọdún 1974 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Bébà líle tí wọ́n tẹ àwòrán bíríkì sí ni wọ́n kàn mọ́ ara pákó ẹ̀, kó lè dà bí ilé ọlọ́rọ̀. Wọ́n ti fi ṣe iléèwé rí, wọ́n sì ti dìbò níbẹ̀ rí. Bí èèyàn bá wo ẹyọ kan nínú àwọn fọ́tò yẹn, kò ní í rí nǹkan kan. Àfi tí wọ́n bá tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ìgbà yẹn lojú ẹni máa ṣí: igi ẹ̀yìn ilé ń ga, igbó ń sún mọ́ ilẹ̀kùn, oòrùn tèṣí kò jọ ti ọdún yìí, bébà oníbíríkì yẹn sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Àfi bí ìgbà téèyàn to fọ́tò ìyá ẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dìgbà ogbó. Ta ló máa wo irú ẹ̀ tí á ní kò rẹwà?

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ya ilé àwọn tálákà Hale County o. Lọ́dún tí wọ́n bí i gan-an, 1936, ni ìwé ìròyìn Fortune rán akọ̀wé kan, James Agee, àti fọtógíráfà kan, Walker Evans, síbẹ̀ láti lọ wo bí àwọn òyìnbó tó ń fi oko olóko gbin òwú ṣe ń gbé. Ọ̀dọ̀ ìdílé mẹ́ta ni wọ́n lọ. Fortune kò gbé iṣẹ́ náà jáde, ọdún 1941 ló tó di ìwé, kò sì tà. Ṣùgbọ́n lónìí, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní fọ́tò yíyà tí wọn ò ti mọ Evans. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò ẹ̀ ni ti kọ̀rọ̀ tí ìdílé kan ti ń bọ́jú: abọ́ omi kan, aṣọ ìnujú tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri pákó, àti fìtílà tó ń yọjú láti orí tábìlì inú yàrá kejì. Ó tán.

Ibi tí ìjà wà rèé. Agee fúnra ẹ̀ gbà nínú ìwé náà pé òun rí ẹwà lára ilé pákó yẹn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí kì í sùn níbẹ̀, tó ti kàwé, tó sì ti jẹun yó, ló ń rí i, ìyẹn sì ń ti òun lójú. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú ọmọ àwọn ìdílé yẹn fárí gá. Wọ́n ní gbogbo ayé ló fi òṣì bàbá àwọn ṣe ìran wò, àwọn ò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbà á fún wọn, nítorí òótọ́ ni. Ẹni tí òjò ń jò lé lórí lóru, kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ fún un pé páànù tó jò yẹn rẹwà tí kò ní í gbójú fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ tún kọ̀rọ̀ yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Òṣì kọ́ ló rẹwà níbẹ̀. Ẹnì kan ló kọ́ aṣọ yẹn síbi tọ́wọ́ á tó o. Ẹnì kan ló gbé fìtílà sáàárín tábìlì. Ọwọ́ obìnrin tó ń tún ilé ṣe ló wà nínú fọ́tò yẹn bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tí Christenberry náà rí nìyẹn, òun sì ní àǹfààní tí Agee kò ní, torí ilé àwọn èèyàn tiẹ̀ ló ń yà. Ọdún 1960 ló rí ìwé Agee àti Evans, ló bá mọ̀ pé àdúgbò àwọn bàbá òun ni. Nígbà tó fi àwọn fọ́tò pélébé ẹ̀ han Evans, ìyẹn gbà á níyànjú pé kó má fojú yẹpẹrẹ wò wọ́n o. Lọ́dún 1973, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Hale County, ìgbà àkọ́kọ́ tí Evans padà síbẹ̀ láti 1936 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá náà, ẹ má ṣe rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Lọ́dún 1936 yẹn, Evans tún ya àwọn ilé pákó táwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé ní Vicksburg, ìpínlẹ̀ Mississippi. Yàrá kan ni fífẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, yàrá tó kù á tò sẹ́yìn ara wọn, ẹnu ọ̀nà á sì wà níbi tó rí tóóró tó kọjú sí títì. Shotgun ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní béèyàn bá yìnbọn láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ẹ̀yìnkùlé lọta á gbà jáde. Nígbà tó di àárín ọdún 1970 sí 1980, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ John Michael Vlach wá sọ pé ilé oníyàrá méjì ti Yorùbá wà lára ohun tó bí ilé yẹn. Ó ní àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Haiti, àwọn aláwọ̀ dúdú tó sá kúrò ní Haiti ló sì gbé e dé New Orleans. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ò gbà fún un, wọ́n ṣì ń fà á. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í wo fọ́tò Vicksburg mọ́ kó pòṣé.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Àwọn fọtógíráfà ayé ọjọ́un, bí wọ́n bá pè wọ́n sí ìnáwó nínú ọgbà ilé, aṣọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ta sára ògiri, kí ògiri má hàn. Nínú sítúdíò wọn, wọ́n á ya ilé alájà tàbí ọkọ̀ òfurufú sára aṣọ, wọ́n á ní kí alábàárà dúró síwájú ẹ̀. Ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ téèyàn ń gbé, tó bímọ sí, kò sẹ́ni tó máa dìídì ná owó fíìmù lé e lórí. Ẹ ò rí i, nígbà tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò lóṣù keje, ọdún 1990, tí wọ́n lé àwọn èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 kúrò níbẹ̀, mélòó nínú wọn ló ní fọ́tò ilé ara ẹ̀ lọ́wọ́, yàtọ̀ sí ègé ògiri tó bá yọjú lẹ́yìn aṣọ fọtógíráfà? Lónìí tí kámẹ́rà wà lára fóònù oníkálukú, ojú ara wa la tún ń yà.

Ilé onípátákó àtẹ́lẹwọ́ yẹn náà wó gbẹ̀yìn ni. Christenberry kò tìtorí ìyẹn dúró sílé. Lọ́dún 1988, ó ya ojú ilẹ̀ náà ní fọ́tò bó ṣe wà, igi àti koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tó darúgbó, àrùn tó máa ń mú èèyàn gbàgbé nǹkan kọlù ú, òun ló sì pa á ní Washington lóṣù kọkànlá, ọdún 2016. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ilé tó ti wó yẹn ṣì wà lára ògiri mùsíọ́mù, pẹ̀lú ọwọ́ tó dojú kodò nínú fèrèsé.