Ohun Tí Ọwọ́ Ọnarébù Tó àti Ohun Tí Kò Tó

  

Ọ̀rọ̀ ìbò la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó fẹ́ lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2027 ti ń yà sí ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn wá bá wa ní ìpàdé tó kọjá. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, torí ìwé yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ká má purọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyálọ́jà, ó sì jókòó tì wá fún wákàtí kan gbáko, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe. Ó yọ ìwé jáde, ó ka ohun tó fẹ́ ṣe fún àdúgbò wa. Ó ní òun á tún gọ́tà ọjà ṣe, òun á kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, òun á ra tiransifọ́mà, òun á wá ẹ̀yáwó tí kò ní èlé fún àwọn ìyá, àti pé àwọn tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì yọ wá lẹ́nu, òun á lé wọn lọ. Ariwo sọ. Àtẹ́wọ́ pọ̀.

Ìgbà tó lọ tán ni ìyá elélùbọ́ kan bi wá pé, ṣé gbogbo èyí ni ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó? Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ní kó lọ wádìí. Ọmọ wa kan tó jẹ́ lọ́yà ló bá wa ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí a rí níbẹ̀ nìyí.

Ọjà, ibùdókọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti gbogbo ènìyàn, gọ́tà, kíkó ilẹ̀ dànù, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin gbé gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó jókòó ní Agodi. Alága kánsù àti kánsẹ́lọ̀ wa ló yẹ ká máa dì mú lórí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Ìbàdàn o. Àwọn àgbà inú wa kò gbàgbé Ògùnpa ti 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, àgbàrá tún dé, èèyàn tó bá a lọ lé ní 100.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ pé kò kan ẹni tó wá bá wa. Ó kàn án gan-an, torí owó. Owó tó ń ti Àbújá wá fún kánsù, ìwé òfin ní kí wọ́n kó o sínú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní. Ta ló wá ń ṣe òfin bí wọn ó ṣe pín in? Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni! Ẹ rí i báyìí. Láti ìgbà yìí wá, tí a bá lọ sí kánsù, wọ́n á ní owó ò dé ọwọ́ àwọn. Ní 2023, wọ́n fẹ́ tún ìwé òfin ṣe kí owó kánsù lè dá dúró. Ó yẹ kí Ilé Ìgbìmọ̀ 24 nínú 36 ní gbogbo Nàìjíríà fọwọ́ sí i. Wọn ò pé 24. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tó ní kí owó Ilé Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ dá dúró, ìyẹn kọjá wẹ́rẹ́, Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ú ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà. Àwa ò sọ nǹkan kan o. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló wá dá a ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ kánsù. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tó ṣèlérí gọ́tà, kó kọ́kọ́ sọ fún wa: tí ọ̀rọ̀ owó kánsù bá dé iwájú Ilé, apá ibo ni yóò dìbò sí?

Kànga àti tiransifọ́mà, ìyẹn ṣeé ṣe díẹ̀. Gómìnà ló ń gbé ètò ìnáwó ọdún wá síwájú Ilé, wọn ò sì lè ná an láìjẹ́ pé Ilé fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ló ti lè jà kí orúkọ ọjà wa wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n 32 ni wọ́n nínú Ilé náà. Ohùn kan péré ni tirẹ̀.

Ti ẹ̀yáwó, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ọnarébù kì í ṣe báńkì. Ohun tó bá fi fúnni, ẹ̀bùn ni, ogún èèyàn á rí i gbà, igba á máa wò. Ankara tí wọ́n pín ní ìbò 2023 dà? Ó ti ṣá. Iyọ̀ ti tán nínú ọbẹ̀.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì yìí ló dùn mọ́ wa jù, torí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń ra tòmátì àti ata láti òkè Ọya mọ ohun tí à ń sọ. Wọ́n á gbà á lọ́nà, wọ́n á gbà á níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù, wọ́n á tún bá a nídìí ìsọ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyá aláta kan nínú ẹgbẹ́ wa gba tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjì nínú wọn kò ní òǹtẹ̀ ìjọba kankan lára. Láti 1998 sì ni ìjọba ológun ti ṣe òfin tó ka irú owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ní kí ẹnikẹ́ni má di ojú ọ̀nà torí àtigba owó. Ilé Ìgbìmọ̀ lè ṣe òfin tí yóò so owó ọjà pọ̀ sójú kan ní ìpínlẹ̀ wa. Ó lè pe àwọn tó ń gbowó kí wọ́n wá ro ẹjọ́ ibi tó ń lọ. Owó gọbọi kọ́ ni yóò ná an. Ìgboyà ni.

Àwọn ìyá Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, ohun tí wọ́n bá jà nìyí ní 1947: wọ́n ń san owó orí, kò sì sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Àwọn yẹn kò gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyálọ́jà ti fọwọ́ sí lẹ́tà tí a kọ sí ẹni tó wá bá wa, a sì kọ irú rẹ̀ kan náà sí àwọn yòókù tó ń du ipò náà. A ní kí wọ́n wá dáhùn lórí owó kánsù àti lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n buwọ́ lù ú lójú wa. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, a bẹ gbogbo yín, tíkẹ́ẹ̀tì yòówù tí ẹ bá gbà lóṣù yìí, ẹ má fi dáná, ẹ má fi pọ́n ata. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye owó sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ mú un wá fún akọ̀wé nídìí ìsọ̀ wa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó mú un wá bẹ́ẹ̀, a ó bá a kọ ọ́.