Kí Ẹ Tó Lọ Gbin Irun Sórí: Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Adégbayì àti Àyíká Rẹ̀

Ìwé kékeré yìí wà fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń sún sẹ́yìn kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó sì ń ronú láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní hair transplant. Ó wà fún ọ̀dọ́mọbìnrin tí irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti tán pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn wa rèé ní ṣókí: bí ẹ kò bá tíì kọjá ọmọ ọdún 25, ẹ ní sùúrù. Bó ti wù kí ọjọ́ orí yín tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan orí yín kí dókítà awọ ara tó sọ ohun tó ń mú irun yín lọ.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ náà jẹ́

Kò sí irun tuntun nínú rẹ̀. Irun yín tó wà ní ìpàkọ́ ni dókítà yóò mú tòun ti gbòǹgbò, tí yóò sì gbìn ín sí ibi tó pá. Àgbẹ̀ tó ń ṣí ọmọ ata kúrò ní nọ́sìrì lọ sóko mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Àmọ́ àgbẹ̀ lè tún fọ́n irúgbìn sí nọ́sìrì rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí ojú ibi tí wọ́n ti hú irun ní ìpàkọ́ kì í hù mọ́. Ìwọ̀nba ni irun tó wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì ti ná an tán, ó tán nìyẹn.

Hòmóònù kan tí wọ́n ń pè ní DHT ló ń mú kí irun iwájú orí àti ti àtàrí máa tín-ín-rín títí tí yóò fi pòórá lórí ẹni tó jogún orí pípá. Irun ìpàkọ́ kì í sábà gbọ́ ti hòmóònù yìí. Dókítà Norman Orentreich ní New York ló kọ ọ́ jáde ní 1959 pé ibi yòówù tí wọ́n bá gbin irun ìpàkọ́ sí, ìwà ìpàkọ́ náà ni yóò máa hù.

Wọn yóò gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí awọ orí yín mọ ìrora, ojú yín yóò sì là sílẹ̀. Iṣẹ́ náà lè gba odindi ọjọ́ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ irun tí wọ́n gbìn yóò já dànù. Ẹ má fòyà, gbòǹgbò ṣì wà nínú. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí irun tó tún yọ, ó sì lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó mọ bó ṣe máa rí.

Kí ló dé tí a fi ní kí ọ̀dọ́ dúró?

Nítorí pé orí tó ń pá kì í parí ìrìn rẹ̀ ní ọmọ ọdún 21. Bí irun ẹ̀bátí bá ti sún sẹ́yìn, ó lè dúró síbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ìlà irun wọn máa ń kúrò ní ti ọmọdé bí wọ́n ti ń dàgbà láìjẹ́ pé wọn yóò di apárí. Ó sì lè máa bá a lọ títí dé àtàrí. Kò sí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà èwo ni yóò jẹ́. Bí wọ́n bá wá gbin irun síwájú orí nísinsìnyí, èyí tí wọ́n gbìn yóò dúró, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa lọ. Tí ọ̀dọ́ náà bá máa fi di ọmọ ọdún 35, irun wà níwájú, irun wà ní ìpàkọ́, àárín ti pá. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ mìíràn ti di dandan, irun tí ìbá sì wúlò fún un ti lọ.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ Manchester United yóò rántí Wayne Rooney. Ní oṣù kẹfà 2011, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, òun fúnra rẹ̀ ló kéde pé òun ti gbin irun sórí ní London. Ní 2013, ó tún padà lọ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó dára bó ṣe sọ ọ́ ní gbangba, torí ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ ń fi tiwọn pamọ́. Àmọ́ ẹ wò ó: ọkùnrin tó lówó tó báyẹn, ẹ̀ẹ̀kan kò tó o.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí orí yín ń lọ, ẹ má wo orí bàbá yín nìkan. Ẹ wo ti àwọn arákùnrin ìyá yín àti ti bàbá ìyá yín, torí ìhà méjèèjì la ti ń jogún rẹ̀.

Irun tiwa, awọ tiwa

Irun wa tó ká kò ká lókè nìkan. Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀ nínú awọ pẹ̀lú. Dókítà tí kò mọ̀ ọ́n lè gé gbòǹgbò náà níbi tó ti ń hú u, irun yẹn kú nìyẹn. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti ṣe é fún aláwọ̀ dúdú rí, kí ó sì fi àwòrán wọn hàn yín.

Ìkejì ni àpá. Bí ojú ọgbẹ́ bá máa ń ga gègèrè lára yín tàbí lára ẹbí yín, kódà níbi tí wọ́n ti lu etí, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó mú abẹ. Àwọn kókó tó máa ń sú sí ìpàkọ́ lẹ́yìn tí bábà bá gẹ irun mọ́lẹ̀ gan-an ṣe pàtàkì pẹ̀lú, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa mú irun. Ẹ tọ́jú ìyẹn kí ó san ná.

Àwọn dókítà kan máa ń gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìpàkọ́, àwọn mìíràn a hú irun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ máa ń fi àpá gígùn sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun fẹ́ fá gorímápá yóò rí àpá náà, aráyé náà yóò rí i.

Ó lè máà jẹ́ orí pípá rárá

Ẹ̀yin obìnrin, dídì tó fún jù, wíìfọ́ọ̀nù àti atáṣímẹ́ǹtì tó wúwo ló sábà máa ń jẹ irun ẹ̀bátí. Bí ẹ bá tètè dẹ̀ ẹ́, irun náà lè padà. Bó bá pẹ́, kì í padà mọ́. Irun jíjá tó bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, tó ń yún tàbí tó ń ta yín, ẹ má fi falẹ̀: àrùn kan wà tó ń pa gbòǹgbò irun níbẹ̀, bí ẹ bá sì gbin irun sí i nígbà tó ṣì ń jà, òfò ni. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìbímọ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí irun máa já lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta. Bí ara bá ti le, ó sábà máa ń hù padà. Làpálàpá orí ní òògùn tirẹ̀.

Òògùn tó wà

Minoxidil tí wọ́n ń fi pa orí ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 1988, finasteride tí ọkùnrin ń gbé mì sì gbà á ní 1997. Wọ́n lè dá irun tó kù dúró, nígbà tí ẹ bá ń lò wọ́n nìkan. Finasteride lè dín agbára ìbálòpọ̀ àwọn ọkùnrin kan kù. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó bá fọ́, torí ó lè pa ọmọkùnrin inú rẹ̀ lára. Ẹ má rà á ní kẹ́míìsì láìrí dókítà. Òróró tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má fi kan orí.

Ta ni yóò pinnu?

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: ẹ̀yin fúnra yín ni. Kì í ṣe àfẹ́sọ́nà, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. A mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ náà ń dunni, pàápàá fún ẹni tó ń wá ìyàwó. Ẹ má tijú láti sọ ọ́ fún dókítà. Orí pípá kì í ṣe àìsàn, ẹni tó bá sì fẹ́ fá a kò ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún yín, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ MDCN, àjọ tó ń fún dókítà ní àṣẹ iṣẹ́. Ọdọọdún ni dókítà ń tún un gbà. Ẹ bèèrè ẹni tí yóò di abẹ náà mú gan-an, dókítà ni tàbí ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Turkey, kí ó mọ dókítà tí yóò tọ́jú òun ní Ìbàdàn bí ojú ibẹ̀ bá kẹ̀ nígbà tó bá padà.

Ẹ ya fọ́tò orí yín lónìí, níwájú, ní àtàrí àti ní ìpàkọ́, nínú oòrùn. Ẹ tún yà á ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹ sì mú gbogbo rẹ̀ dání bí ẹ bá ń lọ rí dókítà.