Ìbọn ìléwọ́ àti ọta tó tó àgbọ̀nrín í pa: ohun tó yẹ kí ọdẹ mọ̀ kó tó wọ igbó Amẹ́ríkà

Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ ṣakabùlà, ó sì mọ ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó ń yin kátíríìjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún un pé ẹnìkan fi ìbọn ìléwọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ìbàdí, pa àgbọ̀nrín, ó ṣeé ṣe kó rò pé àwàdà lẹ ń ṣe. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe àwàdà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ló fàyè gbà á nínú òfin. Ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń gbé lọ́hùn-ún, tí iṣẹ́ ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí kí wọ́n tó náwó.

Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé kì í ṣe gbogbo ìbọn ìléwọ́ tó ń dún ló tó àgbọ̀nrín í pa. Ẹni tó bá mú èyí tó kéré, tàbí tó mú èyí tó tóbi tí kò sì lè yìn ín kó bà, yóò kàn ṣe ẹran léṣe lásán ni. Ẹran náà yóò sá lọ, yóò jẹ̀rora, yóò sì kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ọdẹ pàdánù, ẹran náà jìyà, ẹran jíjẹ tó yẹ kó wọ ìkòkò sì bàjẹ́ sínú igbó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran tí à ń sọ. Àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú igbó wa. Ìwo tiwa kì í wọ́, ṣùgbọ́n ìwo akọ tọ̀hún máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni onírù funfun, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wọn kílò 45 sí 130 bí wọ́n bá ti dàgbà tán. Ara rẹ̀ le, eré rẹ̀ sì yá.

Ohun tó ń tètè pa á ni kí ọta wọ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ibẹ̀ wà lẹ́yìn èjìká, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí àárín ara, kò sì ju ìbú àwo oúnjẹ kékeré kan lọ, bí íńṣì mẹ́jọ. Bí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ ọdẹ, ọ̀nà ibẹ̀ là. Bí ó bá kọ̀dí sí i, kí ọdẹ sinmi. Ìbọn tó bá yẹ gbọ́dọ̀ lè gbé ọta la awọ, ẹran ara àti egungun ìhà kọjá, kó sì dé ibi tí ẹ̀mí wà.

Ìṣòro ìbọn ìléwọ́ ni pé ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Ẹ̀tù kò ní àyè tó láti ti ọta bó ṣe ń tì í nínú ìbọn gígùn, nítorí náà ọta kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà, kò sí ìdí ìbọn tí ọdẹ lè fi ti èjìká, ọwọ́ nìkan ló gbé e. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ọta yóò ṣìnà púpọ̀.

Àwọn oníbọn Amẹ́ríkà ń fi òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní foot-pound wọn agbára tí ọta gbé jáde lẹ́nu ìbọn. Ìbọn 9mm, tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ìbọn ṣọ́ ara wọn, sábà máa ń ní bí 360. Ìyẹn kéré fún àgbọ̀nrín. .357 Magnum, tó jáde lọ́dún 1935, ń ní bí 535 pẹ̀lú ọta tó wọn gíráàmù mẹ́wàá. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kà sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá, fún ẹni tó sún mọ́ ẹran dáadáa, tọ́wọ́ rẹ̀ sì dúró. .44 Magnum, tó jáde ní ìparí ọdún 1955, ń gbé ọta gíráàmù 15.5 pẹ̀lú agbára bí 970. Elmer Keith, ọdẹ àti òǹkọ̀wé tí gbogbo oníbọn Amẹ́ríkà mọ̀, wà lára àwọn tó rọ àwọn ilé iṣẹ́ títí wọ́n fi ṣe é. Títí dòní, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn yòókù. Èyí tó lágbára jù ú lọ wà, bíi .500 Magnum ti ọdún 2003, ṣùgbọ́n agbára tó ju ti ọdẹ lọ kò wúlò fún un.

Irú ìbọn náà tún ṣe pàtàkì. Revolver, èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yípo, ni ó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó gba ọta ńlá, kì í sì í ṣe wàhálà. Kí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó íńṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ọta lè yára, kí ojú sì lè wọn ibi tí ó ń lọ dáadáa. Àwọn kan ń lo èyí tó ń gba ọta kan ṣoṣo, bíi Contender tí ilé iṣẹ́ Thompson/Center gbé jáde lọ́dún 1967. Ìyẹn lè yin ọta ìbọn gígùn pàápàá, awò sì wà lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbọn kékeré alọ́pàá kúkúrú tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ kì í ṣe ti igbó.

Ẹ má ṣe ra ìbọn tó dára tán kí ẹ wá ki ọta burúkú bọ̀ ọ́. Ọta tí wọ́n fi irin bò látòkè délẹ̀, tó dára fún ìdánrawò, máa ń gún ẹran gba ẹ̀yìn jáde láìfẹ̀, ihò rẹ̀ a sì kéré. Ọta tí wọ́n ṣe fún ìdáàbòbò ara máa ń yára fẹ̀ jù, ó lè dúró síbi egungun láìdé ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó yẹ ni èyí tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ti ọdẹ ni, tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ tàbí tó ní ihò, tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń wọlé. Òjé líle tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú .44, nítorí pé ó ń wọlé jìnnà.

Ọ̀rọ̀ òjé náà kan ìkòkò ọbẹ̀. Ọta òjé lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ẹran, òjé sì burú fún ara, pàápàá jù lọ fún ọmọdé àti aláboyún. Kí ẹ gé ibi tí ọta gbà sọnù pẹ̀lú ẹran tó yí i ká, tàbí kí ẹ lo ọta bàbà. Ní ìpínlẹ̀ California, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2019, òfin ti ka ọta òjé léèwọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ ọdẹ.

Báwo ni ọdẹ ṣe máa mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ? Kó gbé àwo pépà tó fẹ̀ ní íńṣì mẹ́jọ kọ́ sí pápá ìdánrawò. Kó yin ọta márùn-ún láti mítà 25, bó ṣe máa ṣe nínú igbó gan-an. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú àwo, kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí ẹyọ kan bá ti kọ́kọ́ ṣìnà, ibẹ̀ ni òpin rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ju mítà 45 lọ. Ìbọn ńlá máa ń tini sẹ́yìn, ariwo rẹ̀ sì lè ba etí jẹ́, kí ọdẹ dí etí rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè fi .38 Special bẹ̀rẹ̀ nínú ìbọn .357, tàbí .44 Special nínú .44 Magnum. Kó má ṣe gbìyànjú láti ki ọta Magnum bọ ìbọn tí wọ́n ṣe fún Special, ewu ńlá ni.

Ó ku òfin. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ohio ń béèrè ọ̀pá íńṣì márùn-ún ó kéré tán, ọta tí kò kéré sí .357, àti ilé ọta tó gún gbọọrọ. Virginia ń béèrè agbára foot-pound 350. Pennsylvania kò gba ìbọn tó ń kọ́ ara rẹ̀ fún àgbọ̀nrín. Ẹ kíyè sí i pé 9mm lè kọjá ti Virginia, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti sọ pé kò tó. Ibi tó kéré jù ni òfin ń sọ, kì í sọ ibi tó dára. Òfin a sì máa yí padà, nítorí náà ẹ ka ìwé ìlànà ọdún náà kí ẹ tó jáde.

Èyí tó lè ba ayé ènìyàn jẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fàyè gba ẹni tí kò ní ìwé láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó wà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀ kò gbọdọ̀ ní in, àyàfi bó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì wà lójú iṣẹ́. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lè ní in, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ nípa ìbọn lè mú kí wọ́n dá òun náà padà sílé. Kí onítọ̀hún bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kó tó ra nǹkan kan, kó má sì ṣe bá ẹlòmíràn rà á.

Ẹ má sì ronú pé ẹ máa gbé e wálé fún bàbá àgbà. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 fi ìbọn ìléwọ́ sínú àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ṣakabùlà wà ní ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun náà sì nílò ìwé àṣẹ.

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyà tó pọ̀ jù fún ọdẹ ni kó tọ ẹ̀jẹ̀ ẹran títí ilẹ̀ fi ṣú láìrí i. Kí ìbọn tó, kí ọta yẹ, kí ẹran sún mọ́, kí ìwé pé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rin yìí, kí ọdẹ jẹ́ kí àgbọ̀nrín máa lọ.