Bí Àwo Rẹ́kọ́ọ̀dù Ṣe Ń Di Fáìlì Inú Kọ̀ǹpútà

Ohun tí ó wà lójú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni ipa kan ṣoṣo, tóóró bí irun orí, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo, tí ó sì ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín títí ó fi súnmọ́ ihò àárín, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì rí gbágungbàgun gẹ́gẹ́ bí ohùn akọrin àti ìró ìlù ti mi afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ jẹ́ dáyámọ́ǹdì ni giramafóònù ń rán gba inú ipa yìí, ibikíbi tí ipa bá sì yà sí ni òun náà ń yà sí. Nínú àpótí kékeré tí ó gbé abẹ́rẹ́ dání, òòfà kan wà tí ń mì bí abẹ́rẹ́ bá ti ń mì, wáyà tín-ín-rín tí a ká sí ẹ̀gbẹ́ òòfà náà ni iná mànàmáná sì ti ń jáde, nítorí pé òòfà kì í mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kí ó má ru iná sókè nínú rẹ̀. Nínú àwo sitẹ́rẹ́ò, tí ó wọ ọjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, ẹ̀gbẹ́ ipa kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohùn tirẹ̀, ọ̀kan fún apá òsì, èkejì fún apá ọ̀tún.

Iná tí ó ń ti ibẹ̀ jáde kò tó nǹkan, nítorí ó máa ń wà ní nǹkan bíi mílífóòltì 5, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fóòltì kan, nígbà tí ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn ń retí ohun tí ó lé ní ìlọ́po àádọ́ta rẹ̀. Áńpílífáyà kékeré kan tí a ń pè ní fónò ni ó ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tún wà lọ́rùn rẹ̀. Ohùn tí ó rinlẹ̀, bíi ti gìtá béèsì, máa ń mú kí ipa fẹ̀, bí wọ́n bá sì gbẹ́ ẹ bí ó ti rí, orin díẹ̀ ni ojú àwo yóò gbà, abẹ́rẹ́ pàápàá lè fò kúrò lójú ọ̀nà. Ohùn tín-ín-rín ní tirẹ̀ kéré débi pé ariwo eruku lè bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ń gbẹ́ àwo fi ń dín ohùn tí ó rinlẹ̀ kù, tí wọ́n sì ń gbé èyí tí ó tín-ín-rín sókè, ní ìwọ̀n tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1954, tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn, RIAA, sì mọ́ ọn lára títí di òní. Fónò ni ó ń tú ohun tí wọ́n dì yìí, tí ó ń dá ohùn kọ̀ọ̀kan padà sí ipò rẹ̀. Bí a bá ki wáyà abẹ́rẹ́ olóòfà bọ kọ̀ǹpútà tààrà, orin yóò jáde bí ohùn ẹ̀fọn, láìní ìsàlẹ̀ rárá.

Àwo tí ó ṣáájú 1954 kò sí lábẹ́ àdéhùn yìí. Àwọn orin tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1922 wá láti ayé tí akọrin ń kọrin sínú ìwo gbàǹgbà, tí ó jẹ́ pé agbára ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ti irin tí ń gbẹ́ ipa. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwo òde òní, ó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tí ó bá sì fi ọtí ìfọ̀gbẹ́ nù ún ti bà á jẹ́, nítorí oje kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é máa ń yọ́ nínú ọtí.

Ìyára yíyí ni ó máa ń da iṣẹ́ yìí rú jù lọ fún ẹni tí ń ṣe é nílé ní Nàìjíríà. Àwo gbọọrọ, tí ó jáde ní 1948, ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, àwo kékeré ọdún tí ó tẹ̀lé e sì ń yí ní 45. Ọ̀pọ̀ giramafóònù àtijọ́ ni mọ́tò wọn ń tẹ̀lé iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí í ṣe 50 ní Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, tí ó sì jẹ́ 60 ní Amẹ́ríkà. Bí a bá kó irú giramafóònù bẹ́ẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́ra, akọrin yóò sì dún bí ẹni tí oorun ń kùn. Jẹnẹrétọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti ń sáré tí ó tún ń fà ni ohùn orin ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, nínú orin tí gángan sì ti ń fọhùn, èyí lè sọ ohùn àárín di ohùn òkè kí gbólóhùn ìlù tó parí. Àwọn giramafóònù kan ní àmì 180 yí etí wọn ká, tí gílóòbù kékeré ń tàn sí, tí àwọn àmì náà yóò sì dà bí ẹni pé wọ́n dúró sójú kan bí ìyára bá pé. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ tí ń yí mọ́tò náà ni ó ń tan gílóòbù. Ẹlẹ́rìí tí olùjẹ́jọ́ ń bọ́ ni. Giramafóònù tí mọ́tò rẹ̀ ní ìdarí ìyára tirẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí.

Lẹ́yìn fónò ni ẹ̀rọ asọhùndòǹkà, tí ó lè jẹ́ àpótí kékeré tí a ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, tàbí kí ó ti wà nínú giramafóònù fúnra rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju wíwọ̀n lọ: ó ń wo bí iná ti ga tó ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń kọ òǹkà kan sílẹ̀ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Iye yìí lè jọ àsọdùn, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ wọn ìgbì ohùn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ìmì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí a tó lè tún un dá bí ó ti rí, etí ènìyàn sì ń gbọ́ ìmì tí ó tó 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Òpá ìwọ̀n náà ní ojú àmì 65,536 bí ẹ̀rọ bá ń lo bíìtì 16, ó sì lé ní mílíọ̀nù 16 bí ó bá jẹ́ bíìtì 24. Iná tí ó bá ga ju àmì òkè pátápátá lọ, ẹ̀rọ yóò gé orí rẹ̀, orí tí a gé bẹ́ẹ̀ kì í sì í hù padà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ibi tí orin ti le jù lọ fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 rẹlẹ̀ sí òkè.

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe àtúnṣe. Láti yọ ìró pá-pá-pá tí abẹ́rẹ́ ń mú wá bí ó bá kọlu ibi tí nǹkan ti ha ojú àwo, ètò náà ń wá ibi tí òǹkà ti fò sókè lójijì tí ó sì já bọ́ kíákíá, ó ń mú àwọn òǹkà náà kúrò, ó sì ń fi èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé wọn díwọ̀n ohun tí ó yẹ kí ó wà láàárín. Ó ṣe ni láàánú pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Orin àpàlà, bíi ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí ó dúró lórí gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo, ni ó ń jìyà jù lọ́wọ́ ètò yìí: bí a bá fi gbogbo agbára rẹ̀ sí i, orin yóò mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò dún bí èyí tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó sàn kí a fi etí wá pá-pá-pá ńláńlá, kí a fẹ ìgbì náà lójú, kí a sì lo irinṣẹ́ Repair, tí kì í tún ju òǹkà 128 ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ariwo hùùù tí kò dáwọ́ dúró ní ọ̀nà mìíràn. A ń mú díẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, ètò á mọ̀ ọ́n, á sì máa yọ irú rẹ̀ kúrò, àmọ́ bí a bá yọ ọ́ jù, orin yóò máa dún bí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ omi.

Irinṣẹ́ tí ń pín orin níbi tí ó bá ti rí ìdákẹ́jẹ́ kò wúlò fún ọ̀pọ̀ àwo jùjú àwọn ọdún 1970, bíi ti Ebenezer Obey àti Sunny Adé, níbi tí orin kan ti ń wọ inú òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo dé òpin rẹ̀; irú ojú àwo bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní gígé.

Ìṣẹ́jú 20 orin sitẹ́rẹ́ò, ní bíìtì 16, lé ní mẹ́gábáìtì 200 ní irú fáìlì WAV. FLAC ń ká a kù sí nǹkan bí ìdajì láìsọ òǹkà kankan nù, MP3 sì ń da ohun tí ó rò pé etí kò ní fura sí nù, nítorí náà fóònù ni ó yẹ fún. Fáìlì àkọ́kọ́, pẹ̀lú gbogbo ìró pá-pá-pá inú rẹ̀, ni kí a tọ́jú ní FLAC láìfọwọ́ kàn án, kí a sì máa ṣe àtúnṣe lórí ẹ̀dà rẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ ń jẹ díẹ̀ lára ipa ní gbogbo ìgbà tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá.