Ẹtu tó dé ojú ilé tí kò rí ilẹ̀kùn: Bí góòlù ṣe di ọ̀wọ́n gógó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù Nìjẹ̀r

Wadata ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Èdè Hausa ni, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ọrọ̀, ànító àti àníṣẹ́kù. Ní ìlú Niamey tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, Wadata ni ọjà kan wà tí èrò ń wọ́ lọ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀dó sí, àwọn tó ń fi awọ ṣe bàtà àti àpò, àti àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà. Hausa ń bẹ níbẹ̀, Zarma ń bẹ níbẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà àti láti orílẹ̀-èdè Benin ti sọ Niamey di ilé. Yarbawa ni àwọn Hausa ń pè wọ́n. Ohun tí èèyàn bá ń wá lọ́jà, bí owó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò rí i rà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ti wọ́n ní Wadata àti ní gbogbo Niamey láti ọjọ́ pípẹ́, owó kò sì rà á. Góòlù ni.

Lẹ́ẹ̀mejì péré ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àgbà ti Nìjẹ̀r ti dé ibi ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún 2012 àti ní ọdún 2013. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbá nínú méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n tiwọn. Èyí tí àwọn náà gbá wọ àwọ̀n ẹlòmíràn kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Láti ìgbà náà títí di ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní Mòrókò ní òpin ọdún 2025, wọn kò tún fojú kan ibẹ̀ mọ́.

Mena ni ìnagijẹ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yà ẹtu aṣálẹ̀ kan ni Mena, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí eré rẹ̀ kì í ṣe kékeré, tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú igbó. Ẹni tó bá ti wo àwọn ọmọ Nìjẹ̀r bí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yóò gbà pé orúkọ náà rò wọ́n. Wọ́n lè sáré. Wọ́n lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, kí wọ́n gbé e kọjá àárín pápá, kí wọ́n sì dé ojú ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú gan-an nìyẹn.

Àwọn tó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà yóò ti gbọ́ nípa bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá ju èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá lọ. Òfin eré náà ni pé ẹgbẹ́ tó bá mú bọ́ọ̀lù dání ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti gbé e síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀kẹrin bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ibi tí bọ́ọ̀lù wà gẹ́lẹ́ ni alátakò yóò ti gbà á. Nítorí ìbẹ̀rù èyí, wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀ẹ̀kẹrin ta bọ́ọ̀lù náà jìnnà sí ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta wá di ojú ogun. Ẹgbẹ́ tó mọ èkíní, tó mọ èkejì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò lè rí ibi kankan lọ. Àìsàn tó ń ṣe Nìjẹ̀r gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá tiwọn.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dunni ni pé ìbẹ̀rẹ̀ wọn dára. Nígbà tí wọ́n pín àwọn ẹgbẹ́ fún ìdíje 2012, àárín àwọn erin ni wọ́n ju Nìjẹ̀r sí. Íjíbítì wà níbẹ̀, àwọn tó gba ife náà ní 2006, tí wọ́n gbà á ní 2008, tí wọ́n tún gbà á ní 2010. Gúúsù Áfíríkà wà níbẹ̀, àwọn tó gba àlejò gbogbo ayé ní 2010. Sàró ni ìkẹrin wọn. Ta ni yóò fojú ẹtu wo Nìjẹ̀r láàárín wọn? Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 2010, Íjíbítì wá sí pápá ìṣeré Ọ̀gágun Seyni Kountché ní Niamey, pápá tí wọ́n fi orúkọ ológun tó ṣèjọba láti 1974 títí tó fi kú ní 1987 pè. Moussa Maâzou, ọmọ bíbí Niamey, gbá ọ̀kan wọlé. Ọ̀kan náà tó. Àwọn ọba bọ́ọ̀lù Áfíríkà padà sí Cairo lọ́wọ́ òfo.

Bí Sàró ṣe dé Niamey, 3 sí 1. Bí Gúúsù Áfíríkà ṣe dé, 2 sí 1. Ilé ni wọ́n ti borí gbogbo wọn. Nígbà tó wá kan kí àwọn náà rìnrìn àjò, gbogbo ibi tí wọ́n lọ ni wọ́n ti lù wọ́n: 2 sí òdo, 1 sí òdo, 3 sí òdo. Ẹ wo òdo yẹn dáadáa. Góòlù mẹ́fà ni Nìjẹ̀r gbá wọlé ní gbogbo ìpele náà, Niamey sì ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wọlé. Níta, wọn kò rí ẹyọ kan gbá sáwọ̀n. Àrùn náà ti wà lára láti ìgbà yẹn, ayọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ayọ̀ ọ̀hún sì lágbára, torí ọ̀nà tó gbà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àlọ́. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 2011, ẹgbẹ́ mẹ́ta parí pẹ̀lú àmì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án: Nìjẹ̀r, Gúúsù Áfíríkà àti Sàró. Àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà ka góòlù, wọ́n rí i pé tiwọn ló pọ̀ ju èyí tí wọ́n gbá wọlé wọn lọ, ni wọ́n bá bẹ́ sí ijó nínú pápá ní Nelspruit. Wọn kò ka ìwé òfin. Ohun tí òfin sọ ni pé èsì àárín àwọn tó jọ ní iye àmì kan náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, Nìjẹ̀r ló sì mókè níbẹ̀. Kí ijó náà tó rọlẹ̀ ni ìròyìn dé pé ẹlòmíràn ló ni ìyàwó tí wọ́n ń gbé. Wọ́n kọ̀wé ẹjọ́ sí àjọ CAF, wọ́n sì tún fúnra wọn fa ìwé náà padà.

Bí Nìjẹ̀r ṣe dé Libreville ní oṣù kìíní ọdún 2012 nìyẹn. Gàbọ́ọ̀nù onílé fi góòlù méjì kí wọn káàbọ̀, Pierre-Emerick Aubameyang ló gbá ọ̀kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n kojú Tùnísíà. Ìṣẹ́jú kẹrin ni Youssef Msakni ti fìyà jẹ wọ́n. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, William N'Gounou dá a padà. Góòlù ọ̀hún nìyẹn, ẹyọ kan náà tí Nìjẹ̀r ní nínú ìtàn ìdíje náà títí di òní. Wọ́n di eré náà mú fún ọgọ́rin ìṣẹ́jú, ọ̀mì ti ń rùn sí wọn nímú, kí Issam Jemâa tó gbá èkejì wọlé ní ìṣẹ́jú 90. Mòrókò náà tún fi ọ̀kan kún un. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, àmì òdo.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹni tó ń kọ́ wọn ti yí padà. Gernot Rohr ni, ọmọ Jámánì tí Nàìjíríà wá mọ̀ bí ẹni mowó láti 2016 sí 2021, kí Benin tó gbà á síṣẹ́ ní 2023. Ọ̀nà Niamey náà ni wọ́n tún gbà wọlé: Gínì nà wọ́n ní Conakry pẹ̀lú góòlù kan, àwọn náà fi méjì dá a lóhùn nílé. Ìlú Port Elizabeth ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n gbé wọn lọ. Rohr kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dí ilé, wọ́n sì dí i. Wọ́n dúró de Málì fún ìṣẹ́jú 84 kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé, tí Seydou Keita sì tì í wọlé. Wọ́n gbá ọ̀mì aláìlágóòlù pẹ̀lú Kóńgò ti Kinshasa ní ọjọ́ 24, oṣù kìíní. Robert Kidiaba ló wà lẹ́nu ilé Kóńgò, aṣọ́lé tó máa ń jókòó sílẹ̀ tó sì máa ń fi ìdí fò káàkiri bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbá góòlù. Lọ́jọ́ náà, ìdí rẹ̀ sinmi. Àmì kan ṣoṣo tí Nìjẹ̀r ní nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni ti ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 28, Gánà nà wọ́n ní 3 sí òdo, wọ́n sì kó ẹrù wọn.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 2013, irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ ní New Orleans níwájú gbogbo Amẹ́ríkà. San Francisco 49ers àti Baltimore Ravens ló ń ja àjàkẹ́yìn ìdíje bọ́ọ̀lù alọ́wọ́ wọn. Brendon Ayanbadejo wà nínú ẹgbẹ́ Baltimore, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti túmọ̀ orúkọ náà fún òǹkàwé yìí. Eré kù díẹ̀ kó parí. 49ers ti gbé bọ́ọ̀lù dé ibi tó ku yáàdì márùn-ún péré sílé. Wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kejì, ó bọ́. Wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bọ́. Wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kẹrin, òun náà bọ́. Baltimore gba ife pẹ̀lú 34 sí 31. Àwọn tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá pọ̀ lẹ́yìn wọn bí èèrà, àwọn náà rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọn kò rí ilẹ̀kùn ṣí.

Kò sì sí ìdí tí ọmọ Nàìjíríà fi lè máa fi Nìjẹ̀r ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló ti gbàgbé ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 2010, ní Durban, nígbà tí Yakubu Aiyegbeni dúró níwájú àwọ̀n tó ṣófo, tí bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ jáde? Ọ̀mì 2 sí 2 ni Nàìjíríà bá Kòríà gbá, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá borí ni, wọn ì bá tẹ̀ síwájú. Rohr kan náà ló wà níbẹ̀ ní 2018 nígbà tí Odion Ighalo pàdánù tirẹ̀ níwájú Ajẹntínà, kí Marcos Rojo tó wá fi ọ̀kan lé wọn lọ sílé ní ìṣẹ́jú 86. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Nàìjíríà ti ní Rashidi Yekini rí, atamátàsé tó gbá góòlù 37 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ kó tó di olóògbé ní 2012. Ẹni tó ti jẹ iyán rí ló mọ̀ pé ebi ń pa òun. Maâzou ni Nìjẹ̀r ní. Ó gbá bọ́ọ̀lù dé Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù, dé CSKA Moscow, dé Monaco àti Bordeaux, àmọ́ òun nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi síwájú, bí ọdẹ kan tí wọ́n ní kó dá pa agbo ẹfọ̀n. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, olùdènà mẹ́ta ti yí i ká, ẹni tó yẹ kó gbé e fún sì ṣì wà lọ́nà jíjìn, níbi tó ti ń ran àwọn tó ń dí ilé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ góòlù kì í wá láti ọwọ́ ẹnìkan. Ẹni méjì, ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ mọ èrò ọkàn ara wọn láìsọ̀rọ̀, ìyẹn kò sì ṣeé kọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lókè òkun fi ń péjọ kí wọ́n tó tún tú ká.

Nílé ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára ní Nìjẹ̀r jẹ́ ti ìjọba. AS FAN jẹ́ ti àwọn ológun, AS GNN ti ẹ̀ṣọ́ orílẹ̀-èdè, AS Douanes ti àwọn aṣọ́bodè, NIGELEC ti iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Ó dára bẹ́ẹ̀ torí owó oṣù ń wọlé, ṣùgbọ́n ológun mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ibodè ju bí a ṣe ń fọ́ ọ lọ. Ìjàkadì ni eré tó jinlẹ̀ lọ́kàn àwọn èèyàn níbẹ̀, kokawa tí wọ́n ń pè é. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹkùn orílẹ̀-èdè náà ń pàdé, ẹni tó bá borí gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gba idà. Ara kò kú wọn: Issaka Daborg gba bàbà nínú ẹ̀ṣẹ́ jíjà ní Munich ní 1972, Abdoul Razak Issoufou Alfaga sì gba fàdákà nínú taekwondo ní Rio ní 2016. Ẹ̀yin náà ẹ kíyè sí i pé eré tí ẹnìkan ti ń dá dojú kọ ẹnìkan ni gbogbo wọn.

Ní ọdún 2024, ìṣòro mìíràn tún wá bá wọn: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tilé ń di ti ìdálẹ̀. Ìlú Berkane ní Mòrókò ni wọ́n ti gba Gánà lálejò. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé oòrùn Niamey àti ariwo àwọn èèyàn rẹ̀ ni agbára rẹ̀, ẹ ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ìdíje 2025, góòlù kan péré ni wọ́n rí. Sùdáànù fi ọ̀kan nà wọ́n, Àǹgólà fi méjì nà wọ́n, ó tún padà fi ọ̀kan kún un. Lẹ́yìn náà ni nǹkan wá yí padà lójijì, bí òjò tó rọ̀ lẹ́yìn tí àgbàdo ti gbẹ tán. Wọ́n lu Sùdáànù ní 4 sí òdo. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, wọ́n wọ Accra, wọ́n sì nà Gánà ní 2 sí 1 lójú àwọn ọmọ Gánà. Àmì méje ni wọ́n fi parí. Sùdáànù tó gbá ọ̀mì pẹ̀lú Àǹgólà lọ́jọ́ kan náà ní mẹ́jọ, òun ló sì bá Àǹgólà lọ sí Mòrókò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní wọ́n rí góòlù kan péré gbá sáwọ̀n Àǹgólà lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀kan nà wọ́n, ọ̀mì nìyẹn, àmì mẹ́jọ, góòlù mẹ́rin tí wọ́n sì gbá wọlé Sùdáànù ì bá gbé wọn kọjá. Góòlù kan.

Àwọn ọ̀dọ́ Niamey máa ń pàdé lẹ́bàá títì nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní fada, wọ́n á gbé tíì kaná, wọ́n á sì máa bu ú ní kọ́ọ̀pù kékeré lẹ́ẹ̀mẹta. Èkíní a máa korò, ẹ̀kẹta ló máa ń dùn jù. Wọ́n ti mu tíì púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Mena. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí N'Gounou gbá góòlù rẹ̀ ní Libreville ti ju ọmọ ogún ọdún lọ dáadáa báyìí, kò sì tíì rí ìkejì rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé nìkan kó jọ ti fún wọn ní ìrètí nígbà kan: ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n lé Kamẹrúùnù àti Gánà kúrò lọ́nà ní ìdíje CHAN ní Àlùgèríà, wọ́n sì dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá kí onílé tó fi góòlù márùn-ún nà wọ́n. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ àgbà parí sí ipò kejì lẹ́yìn Mòrókò nínú ìsọ̀rí wọn fún ife àgbáyé, ipò kejì náà kò sì gbé wọn débì kan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, CHAN tún dé. Gínì nà wọ́n ní 1 sí òdo, Ùgáńdà nà wọ́n ní 2 sí òdo, wọ́n bá Gúúsù Áfíríkà gbá ọ̀mì, wọ́n bá Àlùgèríà gbá ọ̀mì. Odidi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, àwọ̀n ẹnikẹ́ni kò mì.