Irun Kan Náà, Owó Ọ̀tọ̀ Ọ̀tọ̀: Ohun Tó Ń Mú Ọjà Wọ́n Nílẹ̀ Kan Ju Òmíràn Lọ

Ìlú méjì kan wà ní Yúróòpù tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn létí adágún omi Constance. Konstanz ni wọ́n ń pe ọ̀kan, Jámánì ló ni ín. Kreuzlingen ni èkejì, ilẹ̀ Switzerland ló wà. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Òjò tó bá pa ọ̀kan ló ń pa èkejì, èdè Jámánì ni wọ́n sì ń sọ ní méjèèjì. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé bá ti mọ́, àwọn ará Switzerland á rọ́ wọ Konstanz, wọ́n á ra ẹran, wọ́n á ra wàrà àti ọṣẹ ìfọṣọ, wọ́n á sì gba ìwé lọ́wọ́ olùtajà kí wọ́n lè fi gba owó orí ọjà tí ìjọba Jámánì yọ padà. Ẹran ni ìjọba tiwọn ń ṣọ́ jù. Kílò kan péré lẹ́nì kan lè gbé wọlé lójúmọ́ láìsan owó ibodè.

Kí ló wà lára ẹran Kreuzlingen tó fi wọ́n ju ti Konstanz lọ? Ẹran nìkan kọ́ lèèyàn ń sanwó fún. Owó ẹni tó pa màlúù wà níbẹ̀, owó ẹni tó gé e, ti ẹni tó wa ọkọ̀ tó gbé e, ti ẹni tó jókòó sídìí owó nílé ìtajà, owó ilé, owó iná. Ìjọba Switzerland tún fi owó ibodè ńlá dí ọ̀nà mọ́ ẹran òkèèrè, kí àwọn àgbẹ̀ tó ń sin màlúù lórí òkè má baà kógbá sílé. Gbogbo rẹ̀ pátá, orí ẹni tó ń se ọbẹ̀ ló ń dà sí.

Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni owó iṣẹ́. Irun ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè di irun gígẹ̀ sínú àpò kó gbé e kọjá ibodè. Onígbàjámọ̀ kan wà ní Zurich nílẹ̀ Switzerland, òmíràn wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń lò, ìdajì wákàtí ni kálukú wọn ń lò lórí ẹni kan, orí kò sì ju orí lọ. Ṣùgbọ́n owó tí ará Zurich gbà lórí ẹni kan ṣoṣo, ará Ìbàdàn á gẹ orí púpọ̀ kó tó rí i.

Ìdí rẹ̀ kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ rárá. Ilé iṣẹ́ oògùn, ti aago ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ Switzerland lẹ ó ti rí i. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní irinṣẹ́, iná kì í ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo ayé ló sì ń ra ohun tó ń ṣe lówó gọbọi. Owó oṣù rẹ̀ ga. Bí iṣẹ́ irun bá ń mówó táṣẹ́rẹ́ wá nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ wo ni yóò kọ́ ọ? Báyìí ni owó ilé iṣẹ́ ṣe ń fa owó onígbàjámọ̀ sókè, tó ń fa ti olùkọ́, ti agbálẹ̀ àti ti ẹni tó ń gbé oúnjẹ síwájú oníbàárà. Béla Balassa àti Paul Samuelson ló ṣàlàyé èyí lọ́dún 1964, oníkálukú nínú ìwé tirẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sì fi ń pè é títí dòní.

Ibi tó ti ń dùn mí nìyí. Àlejò á dé Èkó, á jẹun, á gẹrun, á wọ ọkọ̀, á wá máa yọ̀ pé ọjà ilẹ̀ wa ò wọ́n. Òógùn èèyàn ló rí rà lọ́pọ̀ yẹn. Onígbàjámọ̀ Ìbàdàn kì í ṣe ọ̀lẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì lè yá ju ti Zurich lọ. Ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́ ni kò ní ilé iṣẹ́ tí yóò fa owó rẹ̀ sókè. Bí òun náà bá wá fẹ́ ra fóònù, kò sẹ́ni tó máa fi iye Ìbàdàn tà á fún un. Iye tí gbogbo ayé ń rà á ni yóò san, á tún san owó ọkọ̀ ojú omi, owó èbúté, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, àti owó epo tí alágbàtà ń dà sí jẹnẹrétọ̀. Ohun tó ń tà ni kò wọ́n. Ohun tó fẹ́ rà wọ́n gan-an.

Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ìṣirò tí ilé ìfowópamọ́ UBS bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lọ́dún 1971. Wọn kò ka iye owó ọjà láti ìlú dé ìlú nìkan nínú rẹ̀, wọ́n tún wo iye àkókò tí òṣìṣẹ́ ń lò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó lè ra búrẹ́dì tàbí ìrẹsì. Zurich, tí gbogbo àlejò ń ké pé ó wọ́n, wà lára ibi tí àkókò yẹn ti kéré jù.

Ìlú olówó nìkan kọ́ ni ọjà ti ń wọ́n. Luanda, olú ìlú Àǹgólà, ló gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún 2013, 2014, 2015 àti 2017 nínú ìwé tí iléeṣẹ́ Mercer fi ń ka àwọn ìlú tó wọ́n jù fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ti òkèèrè wá. Ogun abẹ́lé tó jà láti 1975 di 2002 ti ba oko àti ọ̀nà jẹ́, owó epo rọ̀bì wọlé, oúnjẹ wá di ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó wá.

Ìrẹ́jẹ tún wà nínú ọ̀rọ̀ ọjà wíwọ́n yìí, orúkọ tí mo mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan á ṣe ọjà kan, á sì gbé owó lé e fún ará Switzerland nítorí ó mọ̀ pé owó wà lápò rẹ̀. Inú bí wọn níbẹ̀, wọ́n sì ja ìjà náà títí ó fi dòfin: láti oṣù Kìíní 2022, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kàn dédé dínà mọ́ wọn mọ́ tàbí kó tà fún wọn ní iye ọ̀tọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó. Láti oṣù Kẹsàn-án 2011 ni báńkì àgbà ilẹ̀ Switzerland ti di owó yúrò kan mú kó má baà já wálẹ̀ ju 1.20 faransi, owó ilẹ̀ Switzerland, lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2015, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, faransi ti lágbára gan-an. Màlúù kankan kò sanra sí i, àgbẹ̀ kankan kò yí iṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n owó ẹran Konstanz tún wá wálẹ̀ lójú ará Kreuzlingen ju ti àná lọ.

Àwa tí a ní ẹbí ní Pọbẹ̀ àti Kétu nílẹ̀ Benin mọ irú èyí dáadáa. Séfà tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún so mọ́ yúrò: 655.957 rẹ̀ ni yúrò kan. Náírà kò so mọ́ nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ 2023, nínú ìṣirò ìjọba, 1,000 Séfà kò tó 1,000 náírà. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni ìjọba jọ̀wọ́ náírà, nígbà tó sì fi di àárín 2024, 1,000 Séfà ti ju 2,000 náírà lọ. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ 30,000 náírà lọ́dún 2019, ó sì ju 80 dọ́là lọ nígbà náà. Ní oṣù Keje 2024 wọ́n sọ ọ́ di 70,000 náírà, kò sì tó 50 dọ́là mọ́ lásìkò yẹn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìrẹsì tí àwọn onífàyàwọ́ ń kó bọ̀ láti Kútọnu ni àwọn aṣọ́bodè ń lé kiri ní Ìdìròkò àti Sẹ̀mẹ̀. Ó wà lára ìdí tí ìjọba fi ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Nígbà tó di 2024, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà ló tún ń kéde pé àwọn ń gbẹ́sẹ̀ lé oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ kó jáde. Orí oúnjẹ tiwa gan-an ni Séfà ti wá lágbára.